Lẹ́tà Tó Pẹ́ Lọ́nà: Ẹ̀tọ́ Àwọn Àgbà Àríwá Èkìtì Láti Tún Fẹ́ Ara Wọn

Nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ohun tó wà lọ́kàn wọn ni kí ọmọ àgbẹ̀ lè di olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé àti agbẹjọ́rò. Ó rí bẹ́ẹ̀, Èkìtì sì jẹ nínú èrè náà dáadáa. Èrè kan wà níbẹ̀ tí a kì í kà mọ́ ọn. Ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìdó àti ní àwọn ìlú kéékèèké tó yí wọn ká, ìran kan dìde tó jẹ́ pé ọmọkùnrin lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ọmọbìnrin tó wà ní ìlú mìíràn, kí ọmọbìnrin náà kà á fúnra rẹ̀, kó sì fèsì, láìjẹ́ pé bàbá, ìyá tàbí alárinà gbọ́ sí i. Àwọn ọmọ yẹn ti di àgbà. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 lọ́dún 1970 ti pé 70 lọ́dún 2025. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́, àwọn mìíràn ti sin ọkọ tàbí aya, fóònù sì ti wà lọ́wọ́ wọn. Bí orúkọ kan tí wọ́n ti gbọ́ kẹ́yìn ní ogójì ọdún sẹ́yìn bá ṣàdédé yọ lójú WhatsApp ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde, tàbí tí wọ́n bá pàdé níbi òkú àgbà, ọ̀rọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ níbi tí lẹ́tà ìkẹyìn ti parí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn bá wá di ti ìgbéyàwó, àwọn ọmọ a figbe ta. Èrò tèmi ni pé, bí àwọn méjèèjì bá ti wà lómìnira, kò yẹ kí ẹbí ka ìfẹ́ wọn sí ìranù arúgbó. Ìbárẹ́ tó ní ẹ̀rí lọ́wọ́ ni. Ó yẹ kí wọ́n ṣe ìwádìí rẹ̀, kí wọ́n ṣe ìdána rẹ̀, kí wọ́n sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Kí a tó sọ pé ẹ̀rí wà lọ́wọ́ wọn, ẹ jẹ́ ká wo bí lẹ́tà ṣe ń rìn nígbà náà. Ojú irin kò kan Èkìtì. Mọ́tò ló ń gbé àpò lẹ́tà gba ọ̀nà tó ti Adó wá sí Ìfàkì, tó lọ sí Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, tó sì kọjá sí Òmùò àti Kàbà. Àwọn tó ń lọ sí Ìdó àti Ọ̀tùn a yà ní Ìfàkì. Ilé kò ní nọ́ńbà. Ohun tí wọ́n ń kọ sí ojú àpò lẹ́tà ni orúkọ ẹni, lẹ́yìn rẹ̀ orúkọ ilé ìwé tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí yóò bá a gbà á, lẹ́yìn rẹ̀ orúkọ abúlé, kí wọ́n wá fi “via Ìkọ̀lé” tàbí “via Ìdó” kún un, nítorí pé abúlé náà kò ní pósítọ́fíìsì tirẹ̀. Lẹ́tà kan lè gba ọwọ́ akọ̀wé pósítọ́fíìsì, ọwọ́ tíṣà àgbà àti ọwọ́ ọmọ kíláàsì tí wọ́n rán kó pín in, kó tó kan ẹni tó ni ín, ọ̀sẹ̀ sì ti lè gorí ọ̀sẹ̀. Ní ilé ìwé tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀, ọ̀gá lè kọ́kọ́ já a kà. Èyí tó ń lọ sókè òkun, aerogramme ni: abala ìwé búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, tí wọ́n ti tẹ sítáǹpù mọ́, tí a ó kọ̀wé sí, tí a ó ká, tí a ó sì fi itọ́ lẹ̀ létí. Wọn kò gbà kí fọ́tò tàbí ohunkóhun wà nínú rẹ̀. Àyè rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí náà ẹni tó ń kọ ọ́ á ti ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa kó tó fi kálámù kàn án. Ọmọ tó fi ọdún mẹ́ta ṣe irú èyí, tó ń fi owó oúnjẹ ọ̀sán ra sítáǹpù, tó ń dúró de èsì láti ìkórè dé ìgbà òjò, tí kò sì mẹ́nu kúrò, ti fi nǹkan kan hàn nípa ara rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ àfẹ́sọ́nà òde òní kò tíì fi hàn títí di ọjọ́ ìgbéyàwó.

Àwọn ilé ìwé ló so wọ́n pọ̀. Christ’s School ti wà ní Adó láti 1933, Ekiti Parapo College dé sí Ìdó lọ́dún 1954, Egbeoba High School sì wà ní Ìkọ̀lé. Ìdíje eré ìdárayá, ìpàdé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti ìsinmi ọdún ló ń mú kí wọ́n mọ orúkọ ara wọn. Ìwé ìròyìn náà ṣe tirẹ̀: ìwé ìròyìn Drum ní ojú ewé tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń wá ọ̀rẹ́ tí wọn yóò máa kọ lẹ́tà sí, èyí tí wọ́n ń pè ní pen pal. Pé irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ lè wọ inú ayé ènìyàn gan-an, ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ìwé Wọlé Ṣóyínká tó jáde lọ́dún 1989, Ìsarà, tó kọ nípa bàbá rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ikú bàbá yẹn ni ó ṣí àpótí páànù kan tí lẹ́tà àti ìwé àtijọ́ wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni ìwé náà sì ti ṣẹ̀. Olùkọ́ tó jẹ́ olórí ìtàn náà ní ọ̀rẹ́ inú lẹ́tà kan tó jẹ́ òyìnbó ará Ashtabula ní Amẹ́ríkà, Wade Cudeback ni orúkọ rẹ̀, nígbẹ̀yìn ìtàn náà òyìnbó yìí fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé Ìsarà. Ọ̀rẹ́ lásán ni ti wọn, kì í ṣe ìfẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, àròsọ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Àpótí yẹn ló kàn mí jù. Ènìyàn kì í tọ́jú ohun tí kò jọ ọ́ lójú títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Àtakò àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ ni èyí tí àwọn àgbà fúnra wọn máa ń sọ: ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí o kò bá jókòó tì, tí o kò rí bó ṣe ń bínú, o kò tíì mọ̀ ọ́n. Wọ́n á tún fi kún un pé inú àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tẹ̀ ní Ọ̀nìtṣà, tó ń kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń kọ lẹ́tà ìfẹ́, ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń da ọ̀rọ̀ dídùn kọ, àti pé ẹlòmíràn gan-an, ọ̀rẹ́ tó mọ gẹ̀ẹ́sì ló bẹ̀ kó bá òun kọ ọ́. Òótọ́ wà nínú èyí. Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà ayé ìgbà náà, ti gbogbo ayé ni: wọ́n á kí ọ, wọ́n á ní àwọn nírètí pé ara rẹ le, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ibi tí ìwé Ọ̀nìtṣà kò lè dé ni ohun tó tẹ̀ lé e. Kò sí ìwé tó lè sọ fún ọmọ Ayédé pé bàbá rẹ̀ kò tíì rí owó kòkó gbà, pé àbúrò rẹ̀ ti fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí owó, pé ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, pé ẹ̀rù ìdánwò ń bà á. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ló kún inú lẹ́tà tó bá ti kọjá oṣù mẹ́fà, nítorí pé ọ̀rọ̀ dídùn a máa tán. Ẹni tó ti sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ọ nígbà tí ẹ kò tíì ní ohunkóhun, ojú rẹ̀ tí o kò rí kò sọ ọ́ di àjèjì. Àwọn tó ń pe gbogbo rẹ̀ ní àṣà òyìnbó náà ti gbàgbé àrokò. Kí pósítọ́fíìsì tó dé ni Yorùbá ti ń fi owó ẹyọ mẹ́fà tí a sìn pọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí ọkàn fà sí, tí onítọ̀hún sì ń fi mẹ́jọ dáhùn pé ọ̀rọ̀ náà jọ tòun.

Ohun tó ya ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ lẹ́tà síra wọn yìí kì í sì í ṣe ìjà. Wọ́n gbé tíṣà lọ sí ìlú mìíràn, lẹ́tà ń lọ sí àdírẹ́sì àtijọ́. Ogun abẹ́lé dé lọ́dún 1967, àwọn kan wọṣẹ́ ológun. Bàbá fi ọmọ fún ẹni tí ẹbí ti mọ̀. Ẹlòmíràn wọ yunifásítì ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀, èkejì sì ń tajà ní Kàdúná. Fóònù alágbèéká GSM kò dé Nàìjíríà títí di 2001, nítorí náà ẹni tó bá sọ àdírẹ́sì nù ti sọ ènìyàn náà nù nìyẹn. Nancy Kalish, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní California State University tó wà ní Sacramento, ṣèwádìí nípa ẹni 1,001 tí wọ́n gbìyànjú láti padà sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n ti fẹ́ràn rí, ó sì gbé èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé lọ́dún 1997. Ẹni 72 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì wà pẹ̀lú ara wọn nígbà tó ń ṣe ìwádìí náà. Èmi kò ní gbé iye yìí ka orí ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló bá sọ̀rọ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá dùn ló sì máa ń yá lára láti sọ ọ́. Òkèèrè ni gbogbo rẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé àwọn tí ọwọ́ òbí tàbí ìrìn àjò yà, tí kì í ṣe àìgbọ́ra-ẹni-yé, ń rí ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀. Kalish yìí kan náà ló wá ń kìlọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà pé kí ẹni tó ṣì wà nílé ọkọ tàbí tó ní aya nílé má bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rẹ́ àtijọ́ kiri, nítorí pé ó rí i tí ilé ń tú. Mo gba ìkìlọ̀ náà láìyọ nǹkan kan kúrò. Ẹ̀tọ́ tí mo ń gbèjà níhìn-ín, ti opó ni, ti ọkùnrin tí aya rẹ̀ ti kú ni, àti ti ẹni tí ilé ẹjọ́ ti tú ìgbéyàwó rẹ̀ ká.

Àwọn ọmọ á ní kí ni bàbá tún ń wá, ṣebí àwọn ń fi owó ránṣẹ́. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Ọmọ tó ń ṣe èyí ti ṣe ojúṣe rẹ̀. Èkìtì kò sì gbàgbé àwọn arúgbó rẹ̀: lọ́dún 2011 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ìgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í san 5,000 náírà lóṣù fún àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65. Ṣùgbọ́n owó kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lálẹ́. Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí ńlá kan lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje, tí wọ́n ń pè ní Ibadan Study of Ageing. Láàárín 2003 sí 2004 wọ́n bá àwọn àgbà tó ti pé 65 sókè sọ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, Èkìtì sì wà nínú wọn. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn Lancet lọ́dún 2007, lára àwọn àgbà 2,152, ó lé ní ẹnì kan nínú mẹ́rin tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó jẹ́ àìsàn gidi ti bá rí láyé wọn, àwọn tó sì rí ìtọ́jú gbà kò pọ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yìí kan náà wá ohun tó ń mú ayé tu àgbà lára, ohun tó lágbára jù tí wọ́n rí ni àjọṣe: irú ènìyàn tó yí i ká, àti bó ṣe ń kópa nínú ọ̀ràn ẹbí àti ìlú. Lọ́dún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ẹnì kan nínú mẹ́fà láyé ni ìdánìkanwà ń bá fínra, ó sì ń pa ènìyàn. Ẹ wá ronú nípa ìlú tí àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ ti lọ sí Èkó, Àbújá àti ìlú òyìnbó, tí ìyá kan ń dá gbé ilé oníyàrá mẹ́fà, tí ọmọ àwọn ẹlòmíràn tó wá kàwé ní Federal University, Ọ̀yẹ́, ń gbé ìyẹ̀wù rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ayálégbé. Ta ni yóò bá ìyá yẹn rántí ọdún 1968? Kò sí ọmọ tó lè ṣe é, bó ti wù kó láàánú tó, nítorí pé kò sí níbẹ̀.

Ibi tí ìjà ti ń gbóná ni ọ̀rọ̀ ogún, mo sì fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò ó, torí pé ìbẹ̀rù ló pọ̀ níbẹ̀ ju òfin lọ. Àṣà pínpín ogún wa ni ìdí-igi: iye ìyàwó tó bímọ ni wọ́n ń wò. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà nígbà náà fìdí èyí múlẹ̀ lọ́dún 1958 nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù sì tún fọwọ́ sí i lọ́dún 1962. Ìyàwó tó wọlé ní ọmọ ọdún 68 kò ní bí ọmọ tuntun tí yóò dá ìdí igi mìíràn sílẹ̀. Lábẹ́ àṣà, ìyàwó fúnra rẹ̀ kì í sì í jogún ọkọ rẹ̀; Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ tún un sọ lọ́dún 1997 nínú ẹjọ́ Akinnubi. Nítorí náà, bí bàbá bá fẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlànà ìbílẹ̀, ìpín àwọn ọmọ kò yí padà. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹbí tí kì í janpata bí ẹni 70 ọdún bá fẹ́ ọmọ ọdún 30, tí yóò bímọ, tí yóò sì dá ìdí igi tirẹ̀ sílẹ̀, ni yóò sé ilẹ̀kùn mọ́ ìyá àgbà tí kò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Ti ìyá tó fẹ́ lọ́kọ tún burú ju ti bàbá lọ. Wọ́n á ní ó ń dójú ti òkú, bí ẹni pé ìgbà tí wọ́n ń ṣú opó fún àbúrò ọkọ, tí wọn kì í sì í fẹ́ kó kọ̀, òkú náà ń yọ̀ ni.

Kí n má fi ọ̀kan pamọ́: bí wọ́n bá ṣègbéyàwó lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó ní kọ́ọ̀tù tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé àṣẹ, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìyàwó ní ìpín nínú ohun ìní ọkọ tó kú láìkọ ìwé ìhágún, ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ sì ń pa ìwé ìhágún tí ọkọ ti kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ibi tí ó yẹ kí àwọn ọmọ ti bẹ̀rù nìyí, oògùn rẹ̀ kò sì le: kí àwọn méjèèjì kọ ìwé ìhágún tuntun lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò lẹ́yìn ìgbéyàwó, kí ilé tí ìyá àwọn ọmọ bá bàbá kọ́ jẹ́ ti àwọn ọmọ, kí ìyàwó tuntun sì mọ ibi tí yóò máa gbé títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Òun gan-an ni ewu wà lórí rẹ̀ jù. Ó lè fi ọdún mẹ́wàá tọ́jú bàbá náà, kí wọ́n sì kó ẹrù rẹ̀ síta lọ́jọ́ kẹjọ ìsìnkú. Lọ́dún 2015, òfin àpapọ̀ tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn ka ìyà fífi jẹ opó sí ọ̀ràn, ṣùgbọ́n ìwé tí ọkọ fọwọ́ sí nígbà tó wà láàyè yá ju ẹjọ́ lọ.

Ti jìbìtì kì í ṣe àríyànjiyàn. Ó wà, ó sì pẹ́. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin ará Nàìjíríà kan jáde tó pe ara rẹ̀ ní Prince Bil Morrison, tó ń wá ọ̀rẹ́ inú lẹ́tà. Wọ́n fi owó àti ṣòkòtò ránṣẹ́, kò sí ohunkóhun tó padà wá, ọmọ ọdún 14 sì ni ọmọ náà. Lónìí ọ̀rọ̀ ti kọjá ṣòkòtò: lọ́dún 2023 nìkan, àwọn ará Amẹ́ríkà fi tó FBI létí pé ayédèrú olólùfẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti gba ohun tó lé ní 650 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ àwọn. Àgbà tí àjèjì kan ṣàdédé kọ̀wé sí, tó sì ń tọrọ owó, kí ó sá. Àmọ́ ẹni tí o ti mọ̀ láti Form Three kì í ṣe àjèjì tí kò ní orírun. Ó ní ìlú, ó ní agbo ilé, ó ní tíṣà tó kọ́ ọ, ó ní ẹlẹgbẹ́ tó wà láàyè. Láàárín Ìkọ̀lé àti Ùsì, ìwádìí ọjọ́ méjì tó láti mọ bí aya rẹ̀ ṣe kú, bó ṣe ń ṣe sí i, àti bóyá gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀. Iṣẹ́ alárinà àtijọ́ gan-an nìyẹn, kò sì sí ohun tó ní kí a má ṣe é fún àgbà.

Ó ku ohun tí àwọn ènìyàn yóò sọ. Bíbélì tí wọ́n ń kà ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa fún opó láyè láti tún lọ́kọ, nínú lẹ́tà kan tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì. Kùránì fún un láyè lẹ́yìn oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ìtìjú tó kù, tiwa ni, ọwọ́ wa ló sì wà láti mú un kúrò. Ẹ̀yin ọmọ tó wà ní Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù, bí bàbá tàbí ìyá yín bá pè yín pé àwọn tún ti rí ẹnì kan tí àwọn jọ ń kọ lẹ́tà síra wọn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sì bínú. Ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ agbo ilé. Ẹ rán ẹni tó mọ ìwà ènìyàn lọ wádìí. Ẹ wá agbẹjọ́rò tó máa kọ ìwé ìhágún, kí ẹ sì mú ọjọ́ ìdána. Bí wọ́n bá yan kọ́ọ̀tù, ìkéde orúkọ wọn yóò wà ní ojútáyé ní ọ́fíìsì akọ̀wé ìgbéyàwó fún ọjọ́ 21 kí wọ́n tó fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Ẹbí tó bá ní àtakò tó ní ìdí, ibẹ̀ ni òfin ti ní kó wá sọ ọ́.